Iná ABS tàn lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ sháàfù mọ́tò mi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ jọ̀ọ́, tí iná ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà gan tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì) bá tàn nínú mọ́tò yín, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ni pé kí ni wọ́n ṣe sí mọ́tò yìí kẹ́yìn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé iná yẹn kiri Àbújá, kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà ò sì ronú kàn án.

Kúbwà ni mò ń gbé, Sẹ̀kìtéríàtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù March, Camry 2004 mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́ tí mo bá ti ń yí ọwọ́ ní kọ́nà, mẹkáníìkì ní CV joint ọ̀tún iwájú, ìyẹn oríkèé tó wà lẹ́nu sháàfù tó ń yí táyà, ti jẹ, ó lọ ra odindi sháàfù tòkúnbọ̀, ó fi sí i, ariwo lọ, mo sanwó tayọ̀tayọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo yí kọ́kọ́rọ́, iná ABS tàn, ó kú bó ṣe máa ń ṣe, mi ò tíì kúrò ní àdúgbò wa tó tún fi tàn, kò sì kú mọ́. Mo pe mẹkáníìkì lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dá a lóhùn, ṣebí bíréèkì yín ń mú?" Ó ń mú lóòótọ́, mo bá fi sílẹ̀.

Kò parọ́ fún mi o, tó bá jẹ́ iná ABS nìkan ló tàn, bíréèkì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ò ní mọ́ ni èyí tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gan-in lójijì. Sẹ́ńsọ̀ wà lẹ́sẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí táyà náà ṣe ń yí tó, tẹ́ ẹ bá wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá tí táyà kan fẹ́ gan, kọ̀ǹpútà á tú bíréèkì táyà yẹn, á tún mú un, á tún tú u, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín máa gbọ̀n lórí pẹ́dà, òun náà ló sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè yí ọwọ́ mọ́tò kó sì gbọ́ tiyín.

Ní oṣù July, òjò ń rọ̀, èmi àtàwọn ọmọ mi méjì ń bọ̀ láti iléèwé, bọ́ọ̀sì kan dúró gbà níwájú mi nítòsí Gwárínpà. Mo tẹ bíréèkì. Mọ́tò ń yọ̀ lọ geere, mo yí ọwọ́ sósì, kò lọ sósì, iwájú tààrà ló ń lọ. Ọlọ́run ló ní kí bọ́ọ̀sì yẹn tún gbéra. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àbúrò nínú àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ló dé, mi ò lè dáhùn.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ pa iná náà, kí n tó délé ó ti tàn. Ẹnì kejì ní ABS pump ló bàjẹ́, iye tó pè ju owó oṣù mi lọ, kò sì tíì gbé mọ́tò sókè rárá. Ẹnì kẹta ní kí òun yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ó bí mi nínú gan-an, torí bí ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ń tà fún wa ṣe rí nìyẹn, wọ́n á ti yọ gílóòbù, ẹni tó rà á ò ní mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ wò ó: iná ABS gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Tí kò bá tàn rárá, ẹ bi wọ́n léèrè.

Bàbá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní mechanic village Àpò ló bá mi yanjú ẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan ló ti ní, "Ìyá wa, kí ni wọ́n ṣe sí i kẹ́yìn kí iná yìí tó tàn?" Mo ní sháàfù. Ó mi orí. Ó so ẹ̀rọ tó ń ka ABS mọ́ ọn (àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú yẹn, ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà), ó gbé kóòdù àṣìṣe C0200 jáde, lára Toyota ìyẹn ni sẹ́ńsọ̀ ọ̀tún iwájú; C0205 ni òsì iwájú, C0210 ọ̀tún ẹ̀yìn, C0215 òsì ẹ̀yìn. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ máa wa mọ́tò lọ jẹ́jẹ́, òun ń wo ẹ̀rọ: táyà mẹ́ta ń sọ iye tí wọ́n ń sá, ọ̀kan yòókù ń pe òdo.

Mo rò pé ó máa ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀. Rárá o. Ó yọ táyà, ó fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀, ó ní ara ẹ̀ dá, ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sí sháàfù ó pè mí kí n wá wò ó. Ó yẹ kí òrùka irin eléyín kan wà lórí ẹ̀, eyín yẹn ni sẹ́ńsọ̀ máa ń kà bí táyà bá ń yí. Sháàfù tí wọ́n fi sí tèmi ò ní eyín kankan, ó ń dán bọ̀rọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé èyí tí wọ́n yọ ní òrùka, mo sì fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n ti tà á fáwọn tó ń ra irin. Ẹ máa gba pátì yín àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Ká ní ó wà lọ́wọ́ mi ni, à bá kàn gbé e síbi tí wọ́n ti ń ta sháàfù, ká ka eyín tibí ká ka ti ibẹ̀ kí wọ́n bára mu.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa jẹ́ òrùka ṣá o. Bàbá ní tí iná bá ti tàn látìgbà tẹ́ ẹ ti yí kọ́kọ́rọ́ tí kò sì kú rárá, wáyà tó já tàbí fíúsì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ bíárìn táyà ni wọ́n pààrọ̀, irú èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì tí sẹ́ńsọ̀ ń kà lójú kan, wọ́n lè ti dojú ẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ. Tí iná bíréèkì pupa bá wá tàn pẹ̀lú ABS, tẹ́ ẹ sì ti sọ handbrake kalẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wo omi bíréèkì (brake fluid), ẹ má wà á mọ́.

Wọ́n rí sháàfù eléyín lọ́jọ́ kejì. Bàbá gbé mọ́tò lọ sórí ilẹ̀ yanrìn tí kò séèyàn, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó sá eré díẹ̀ ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mo gbọ́ gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó yí ọwọ́ sósì, mọ́tò lọ sósì. Ó ní ó kàn mí, kí èmi náà tẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́ta.