Ajá Wo Ló Ń Gbó Lórí Igi?

Torí erin la ṣe lọ sí igbó ọba Omo, ní abúlé tí wọ́n ń pè ní J4, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ erin nìkan la rí nínú ẹrọ̀fọ̀. N ò bínú sí erin o. Ilé tá a sùn sí ló ń bí mi nínú.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún jẹnẹrétọ̀, lọ́tọ̀ sí owó yàrá. Wọ́n ní yóò ṣiṣẹ́ di ìdájí. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tó fi kú fin-ín. Ọ̀gá ibẹ̀ ní epo ti tán, ká má bínú. Kí n tó béèrè owó wa, ó ti wọlé lọ sùn. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má san owó jẹnẹrétọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì yín dání.

Ooru lé wa síta. Ibẹ̀ la jókòó sí tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ igbe lórí igi: há! há! há-há-há! Ó ń yára, ó ń ròkè, ó wá dákẹ́ lójijì.

"Àǹtí, wọ́n ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀!" Àbúrò mi ti ń wá wáyà fóònù rẹ̀ kiri.

Awakọ̀ wa ní rárá, egbére ni. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sunkún? Ẹ jẹ́ n lọ já ẹní gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò ní wakọ̀ mọ́ láyé." Ó dìde lóòótọ́. Kò tíì dé ìdí igi tí nǹkan náà tún ké. Eré tó sá padà, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sọ́hùn-ún.

Màmá tó ń se oúnjẹ ní ewúrẹ́ tó jẹ gaàrí gbígbẹ láìmumi ni.

"Màmá, ewúrẹ́ lórí igi?"

"Ẹni tó ń wá omi, níbo ni ò lè gùn?"

A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa.

Bàbá ọdẹ tó mú wa wọgbó ló wá sọ fún wa pé òfàfà ni. Bí ehoro ló mọ, ewé ló ń jẹ, inú ihò igi ló ń gbé. Ọdún 2021 ni àwọn onímọ̀ kéde pé èyí tó wà láàárín odò Volta ní Ghana àti odò Ọya jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ sáwọn òfàfà yòókù. Igbe rẹ̀ wà lára ohun tó tú u fó: tàwọn yòókù ń han gooro, tiwa ń gbó bí ajá. Mọ̀lẹ́bí erin sì ni! Nígbà tí mo sọ èyí, Bàbá pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò bá erin nílé, ẹbí rẹ̀ ló jáde wá kí yín."

Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún ni, a ò bá má gbọ́ ọ. Síbẹ̀, kí wọ́n dá owó wa padà.

Lóru, ó tún ké. Awakọ̀ wa ti ti ara rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀, ó yí gíláàsì sókè nínú ooru yẹn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀: "Bàbá, ṣó dá yín lójú pé kò lẹ́ní?"