Ìlẹ̀kùn Yàrá Kẹta ní Wìdà

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má baà yà yín lẹ́nu pé mo lo ọjọ́ mẹ́ta ní Wìdà, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin (Ouidah) tí àwọn èèyàn ń tìtorí òkun àti òrìṣà lọ, ó sì wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn ni mo gbé bọ̀.

Oṣù Kẹfà ni mo lọ, nígbà tí òjò wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ máa ń lọ ní oṣù Kìíní, kí wọ́n lè bá ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Vodun tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 10. Èmi ò lówó ọgbọ́n yẹn. Màmá onílé fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé tí ọdún bá ti dé, ìlọ́po mẹ́ta lòun ń gbà lórí yàrá kan náà, àwọn àlejò á sì tún máa bẹ òun kí wọ́n ráyè sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, 7,000 sẹ́fà ni. Bí mo ṣe ṣẹ́ǹjì owó mi ní Sẹ̀mẹ̀, ó sún mọ́ ₦18,000 lálẹ́ kan. Ní Èkó, yàrá tí owó yẹn lè gbà, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Láti Mile 2 dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dá ara mi lágara. Láti Kùtọnu dé Wìdà kò ju nǹkan bí ogójì kìlómítà lọ, àmọ́ èrò mẹ́fà ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ kékeré: méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn. Èmi ni mo jókòó sórí gíà. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá fẹ́ pààrọ̀ gíà, itan mi ló kọ́kọ́ ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ (zémìján ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀), ìyá àgbà kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Kúàbọ̀.” Mo ní, “Ẹ ṣé o, Màmá,” n ò tiẹ̀ rò ó. Fọ̀n, èdè àwọn ará ibẹ̀, ló sọ, Yorùbá ni mo gbọ́. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Ọmọ Èkó ni ọ́?” Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló ti dàgbà kó tó bá ọkọ wá sí Wìdà, Yorùbá tó sì wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ju èyí tí àwọn ọmọ mi ń sọ nílé lọ.

Ilé náà gan-an ló kọ́kọ́ mú mi. Ilé Àgùdà ni. Fèrèsé onípákó gígùn, aláwẹ́ méjì, tó ń ṣí síta. Lókè ìlẹ̀kùn àbáwọlé, wọ́n gbẹ́ igi bí ìdajì oòrùn tó ń yọ, ìtànṣán rẹ̀ méje. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lòun náà ti kọ́ṣẹ́, ní àdúgbò tí àwọn tó ti Brazil dé tẹ̀dó sí. Oṣù mẹ́rin ló fi mí sídìí oòrùn yẹn, tí mo ń fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé e, tó ń ju tèmi dànù. Mo dúró síwájú ilé ẹlẹ́gbẹ̀rún méje sẹ́fà, mo ń ka ìtànṣán. Màmá rò pé owó ni mò ń rò, ó ní òun lè yọ 500.

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹta. Kọ́kọ́rọ́ yí, àgádágodo ṣí, ìlẹ̀kùn ò wọlé. Mo tì í, ó dúró síbi tó kù ìka mẹ́ta kó wọnú férémù, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Mo pe Màmá.

“Gbé àga tì í,” ló wí. “Kò sí olè níbí. Bí nǹkan kan bá wọlé, òjòlá ni. Òjòlá kì í jalè.”

Mo rẹ́rìn-ín. N ò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni.

Nínú yàrá: ibùsùn kan, fóòmù tó ti mọ ibi tí ìbàdí àwọn èèyàn ń wà, àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fi òwú pupa di ihò rẹ̀ lójú mẹ́rin, fáànù, àga oníke kan tó di ìlẹ̀kùn mi láti ìṣẹ́jú yẹn. Ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn, gbogbo wa la jọ ń lò ó, inú kànga ni a ti ń fa omi. Omi yẹn tutù, ó sì mọ́. Ọkùnrin ará Tógò kan tó ń ta ṣájà fóònù wà ní yàrá kejì. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ó ń hanrun lọ. Lóru, òjò dé pẹ̀lú atẹ́gùn, ìlẹ̀kùn ń ti àga, àga ń ti ìlẹ̀kùn. Títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀, mo jáde lọ wá nǹkan tí n óò jẹ. Ìyá kan ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, epo ń hó, àkàrà kéékèèké bí ọmọ ẹyin. Ọ̀fun ń dùn mí láti inú ọkọ̀ àná, mo bá sọ fún un pé, “Ata díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ata díẹ̀.” Ó di méjì péré sínú bébà fún mi. Mo ní kó fi kún un. Ó ní, “Ata?” Mo ní, “Rárá, mi ò fẹ́ ata!” Ló bá gba bébà padà lọ́wọ́ mi. Màmá ló bá wa dá sí i látorí àkàsọ̀, ẹ̀rín ń pa á kú lọ: àkàrà yẹn gan-an làwọn ń pè ní ata.

Mo rìn ìlú náà fẹ́sẹ̀, kò tóbi. Gléxwé ni àwọn Fọ̀n ń pè é. Ilé òjòlá tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń lọ wò dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, ojú títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Ẹni tó mú wa yíká gbé òjòlá kan kọ́ mi lọ́rùn, ó wúwo bí ìdì okùn tó ti mu omi, ó sì ń sùn. Ó ní lóru wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn kí wọ́n jáde lọ ṣọdẹ, àti pé ẹni tí ọ̀kan nínú wọn bá wọ ilé rẹ̀, á rọra gbé e padà wá ni. Mo rántí àga oníke mi. Àga kì í dí òjòlá lọ́nà.

Ilé odi àwọn Potogí, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní 1721. Ní 1961 tí ìjọba Dahomey (orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà) ní kí wọ́n kó jáde, wọ́n ti iná bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lọ. Mo mọ irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Igbó Kpassè ló mú mi lọ́kàn. Kpassè jẹ ọba níbẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n sì ní kò kú, igi ìrókò ló dà. Wọ́n fi igi náà hàn wá. Lókò ni wọ́n ń pe ìrókò. Ẹ wo bí orúkọ ṣe fara jọra. Àwọn yòókù ń ya fọ́tò, àwọn kan ń gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ń tọrọ nǹkan. Èmi? Ojú mi ti wọ̀n ọ́n kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe: bí wọ́n bá gé e, pákó mélòó ni yóò jáde, ìlẹ̀kùn mélòó. Ìtìjú bá mi. Láti ogún ọdún ni mo ti ń la ìrókò, n ò sì tíì dúró níwájú èyí tó jẹ́ ọba rí. Mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọba, mo yáa jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo rin ọ̀nà ẹrú dé òkun. Ó tó kìlómítà mẹ́rin, láti pápá tí ilé Chacha wà. Francisco Félix de Souza ni Chacha ọ̀hún, ọmọ Bahia ní Brazil tó gbẹ́kẹ̀ lé Gézò, ọba Dahomey, tí Gézò náà gbẹ́kẹ̀ lé e, tó fi òwò ẹrú di olówó rẹpẹtẹ kó tó kú ní 1849. Ère wà lójú ọ̀nà lápá ọ̀tún àti òsì. Níbi tí wọ́n ní igi ìgbàgbé wà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń mú mi lọ ní ọkùnrin a máa yí igi náà po nígbà mẹ́sàn-án, obìnrin nígbà méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹrẹ̀ àti ọ̀sà. Lẹ́yìn ọ̀sà, yanrìn.

Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní Ìlẹ̀kùn Àìpadàbọ̀ wà. Ọdún 1995 ni wọ́n kọ́ ọ, UNESCO lọ́wọ́ sí i. Ó ga, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n ya àwọn èèyàn tí wọ́n so mọ́ra sókè rẹ̀ ní ìlà méjì, wọ́n ń lọ sínú òkun. Mo rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ibi tí wọn ì bá kan íńjì mọ́. Kò sí. Kò sí ìlẹ̀kùn lára ìlẹ̀kùn náà, ẹnu ọ̀nà lásán ni, òkun ló wà nínú férémù. Ẹ má bínú sí mi, ojú iṣẹ́ ni. Mo kàn ń rò ó pé ìlẹ̀kùn tí wọn ò lè tì, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò padà?

Ìgbì òkun níbẹ̀ le. Kò sí èbúté, ọkọ̀ ńlá kì í lè sún mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń gbé èèyàn la ìgbì já lọ bá a. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Clotilda ti gba èèyàn bí àádọ́fà ní 1860, ó kó wọn lọ sí Alabama, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọ̀lú mọ́. Oluale Kossola wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá, Cudjo Lewis ni wọ́n pè é lọ́hùn-ún. Ó ṣe wàhálà láti padà, kò rówó ọkọ̀. Ó kú síbẹ̀ ní 1935. Mo ra ẹja yíyan lẹ́tí òkun, n ò lè jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí mo dé, Màmá bi mí pé kí ni mo rí. Mo sọ fún un. Ó ń yan gàrí lọ́wọ́, kò wòkè.

“Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti mú bàbá tó bí bàbá bàbá ọkọ mi. Bahia ló ti ṣẹrú. Nígbà tí wọ́n jà níbẹ̀ ní 1835 tí ara ò tu aláwọ̀ dúdú mọ́, ó ra ara rẹ̀, ó wọkọ̀ padà. Wọ́n ní wọn ò padà. Ta ló wá kọ́ ilé tí o sùn sí?”

Mo ní, “Màmá, ẹ bá mi wá pléènì.”

Káfíńtà kan wà ní ojúlé kẹta sí tiwọn. Kò gbọ́ Yorùbá, n ò gbọ́ Fọ̀n, Faransé tèmi kò ju “ẹ ṣé” lọ. Mo fọwọ́ ṣe bí ẹni ń fá igi, ó fún mi ní pléènì, ó sì tẹ̀ lé e wá wò mí. A tú ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ó gba àwa méjèèjì kó tó gbé. Ìrókò ni. Lókò, ló wí, ó fọwọ́ gbá a. Íńjì tó wà lára rẹ̀, iyọ̀ inú atẹ́gùn ti jẹ ẹ́ di bí bísíkíìtì. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ihò ìṣó àtijọ́ tí wọ́n fi èèkàn igi dí, lábẹ́ ìyẹn tún ni òmíràn. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta ti tún un kan ṣáájú mi. Ẹni tó kọ́kọ́ kàn án fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé ibi tí íńjì jókòó sí, etí rẹ̀ ṣì gún régé títí dòní. Irú etí yẹn ni ọ̀gá mi máa ń fẹ́, tí mo fi jẹ ìgbájú.

Omi ló wú igi náà. Mo fá a, mo gbé e wọ̀, ó há. Mo tún fá a. Màmá ra íńjì tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́, mo fi ìka kan tì í, ó wọlé wẹ́rẹ́, ó dún bí ẹni pajú dé. Màmá tì í, ó ṣí i, ó tún tì í. Kò yọ kọ́bọ̀ nínú owó yàrá mi. Àmíwò (ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò) àti adìyẹ ló gbé wá, àwa mẹ́ta jẹ ẹ́, ará Tógò sì bá wa dé ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tó ti pẹ́ pé a kì í fá ìlẹ̀kùn títí dópin nígbà òjò. Mo mọ̀. Ojú ló ń kán mi, mo fẹ́ kó wọlé kí n tó lọ.

Oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ mú, mo rí ohùn Màmá lórí WhatsApp: “Káfíńtà Èkó, ìlẹ̀kùn rẹ ti gbẹ o. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba ọwọ́ mi. Òjòlá wọ yàrá kẹta lánàá, a ti gbé e padà. Ìgbà wo lò ń bọ̀?”