Èyí tí bàbá yín ń kà

"Èyí tí bàbá yín ń kà títí ọlọ́jọ́ fi dé, ṣé kò wá pé ni?"

Ìyá mi ò wo ojú mi nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Iná ò sí ní Mopa lónìí náà.

Ẹ kúkú mọ̀ mí mọ́ STEP Bible, áàpù tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ Hébérù inú Bíbélì. Láàárọ̀ ní Sunday school, mo dìde, mo ní "yóò máa tọ̀ mí lẹ́yìn" inú Sáàmù 23 Bíbélì Yorùbá ò tíì gbé e débẹ̀. Mo tẹ ọ̀rọ̀ Hébérù náà lórí fóònù, H7291, nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Bíbélì ti Strong, yọ: rādaf. Lílé ni! Òun náà ni wọ́n lò ní Ẹ́kísódù 14, nígbà tí Fáráò ń lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Mo tún un sọ. Iwájú gan-an ni Ìyá jókòó sí.

Ṣé kò wá pé ni. Mi ò sọ pé kò pé o. Àbí mo sọ bẹ́ẹ̀?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé "tẹ̀lé" wà lára ìtumọ̀ tí Strong tò sábẹ́ nọ́ńbà yẹn láti 1890. Mo rí i. Mo fò ó.

Mo ṣí Bíbélì bàbá nírọ̀lẹ́. Igun ojú ewé Sáàmù 23 ti pọ́n, níbi tí àtàǹpàkò wọn máa ń wà. Ọdẹ ni wọ́n. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn: ọdẹ ní í tọ ipasẹ̀ ẹran. Tọ̀ kan náà! Mo padà sórí fóònù. 1 Sámúẹ́lì 26:20, Dáfídì ní Sọ́ọ̀lù ń lé òun bí ẹni ń dọdẹ àparò lórí òkè. H7291 ló tún wà níbẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá bí bàbá ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn látọjọ́ yìí, láìtẹ nọ́ńbà kankan.

Tàbí kẹ̀, mo kàn ń wá ohun tí màá fi wẹ ara mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe fóònù yìí, ṣé màá ronú kan àparò lónìí? Fóònù ọ̀hún náà ló kó mi sí i…

Ó yẹ kí n lọ bá Ìyá sọ ọ́. Kí n wá ní kí ni?

Wọ́n ń pè mí. Ẹ̀gúsí ti dà sílẹ̀, wọ́n ní kí n gbé iná fóònù wá.