Ìwé Àjákọ Bàbá Ẹ̀rọ Kẹta

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń jáde nílé ní Ìta Ẹlẹ́wà kílẹ̀ tó mọ́, kí n lè dé Odòguńyàn kí ọ̀nà Ṣágámù tó dí. Ọpirétọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo di súpáfáísọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi mí ṣe máníjà ilé-iṣẹ́. Ohun tí wọ́n rí lára mi ni pé bí ẹ̀rọ bá ń ké, mo máa ń mọ ibi tó ti ń dùn ún. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo mọ ibi tó ti ń dun èèyàn.

Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di omi píọ̀ wọ́tà la ń ṣe. A ó da hóró róbà sẹ́nu ẹ̀rọ, iná á yọ́ ọ, skúrù gbọọrọ tó wà nínú rẹ̀ á máa tì í lọ síwájú, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ, á gòkè, á tutù, a ó sì ká a. Bí NEPA bá mú iná lọ lójijì, gbogbo rẹ̀ á wó lulẹ̀, róbà á dì sínú ẹ̀rọ, àfi ká tún máa dáná fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá tó bá bàjẹ́ lọ nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba fowó kún iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa fún ní iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí ẹyọ kan. Ilé-iṣẹ́ wa wà lára wọn. Àwọn ọ̀gá pè mí sí Ìkejà lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní ọ̀rá tó ń bàjẹ́ gbọ́dọ̀ dín kù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, mo ti lẹ ìwé mọ́ ògiri: kí ọpirétọ̀ kọ̀ọ̀kan máa wọn èyí tó bàjẹ́ ní wákàtí wákàtí, kó sì kọ ọ́ sára pátákó.

Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́. Kílò márùn-ún, kílò márùn-ún, láti òkè pátákó délẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Òkìtì ọ̀rá tó wà lẹ́yìn ilé sì ń ga sí i. Inú bí mi. Mo fún èèyàn mẹ́ta ní kúẹ́rì, ọmọkùnrin kan nínú wọn kò sì padà wá mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́. Mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀ dòní.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán àwa máníjà lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo ló tẹ̀lé mi bọ̀ wálé níbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ Kurt Lewin, ọ̀mọ̀wé tó kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933. Ní 1947, ó kọ ọ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ yí ìṣe àwùjọ kan padà, ó ní láti kọ́kọ́ yọ́ èyí tó ti dì, kó tó tún un mọ, kó tó wá jẹ́ kó dì padà. Mo jókòó síbẹ̀, ara mi bù máṣọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn! Ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá mọ̀ pé a kì í yí skúrù nígbà tí róbà ṣì dì, nítorí ó lè kán. Èmi sì ti yí i mọ́ àwọn èèyàn mi lọ́wọ́ nítutù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá lóru. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kẹta ni mo máa ń dúró sí, lọ́dọ̀ bàbá tó dàgbà jù nínú wa. Mo ń bá wọn gbé àpò róbà, mo ń bá wọn pààrọ̀ asẹ́ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú róbà tó yọ́, mi ò sọ̀rọ̀ pátákó rárá. Lóru kẹrin, bàbá ṣí lọ́kà wọn, wọ́n mú ìwé àjákọ kan jáde, èyí tí etí rẹ̀ ti ká. Wákàtí tí wọ́n pààrọ̀ asẹ́, bí iná ẹ̀rọ ṣe gbóná tó, irú róbà tí wọ́n lò, ìgbà tí NEPA mú iná lọ, kílò tó bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà!

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́?"

"Ọ̀gá mi, ẹni tó jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé náà ní ká kọ ọ́. A kọ ọ́. Nígbà tóṣù parí, ó yọ ọ́ nínú owó wa."

Mi ò rí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn, torí mi ò láṣẹ láti ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa kọ́ máníjà ní ẹ̀rọ, wọ́n á kọ́ ọ ní ìṣirò owó, wọ́n á wá fi àyípadà lé e lọ́wọ́ bí ẹni rán ọmọ ní lẹ́tà. Ẹni tí kò lè ṣèlérí, kí ni yóò fi yọ́ ọkàn èèyàn? Mo padà sí Ìkejà. Mi ò béèrè owó, gbólóhùn kan ni mo béèrè, pé kí ọ̀gá àgbà fẹnu ara wọn sọ ọ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ pé wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó ẹnikẹ́ni nítorí ohun tó kọ sára pátákó. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà. Wọ́n wá, wọ́n dúró sáàárín ẹ̀rọ, wọ́n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, pátákó kà pé 11, 4, 19, 7. Nọ́ńbà burúkú ni, àmọ́ mo fi fóònù yà á, inú mi dùn gan-an. Ara rẹ̀ la ti rí i pé wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ṣíìfù bá pààrọ̀ ni ọ̀rá ń bàjẹ́ jù, nítorí ẹni tó ń lọ kì í sọ fẹ́ni tó ń bọ̀ pé asẹ́ ti ń dí. Ní báyìí, àwọn méjèèjì máa ń jọ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ilé-iṣẹ́ sì ń sanwó rẹ̀.

Súpáfáísọ̀ méjì ni mo ń tọ́ lọ́wọ́ báyìí. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó jáde ní Poly Ìkòròdú kó tó di yunifásítì ní 2022. Òun ló ń darí ìpàdé aago méje ku ìṣẹ́jú 15, èmi á dúró sẹ́yìn, mi ò ní sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń nira fún mi. Mo ti mú un lọ sí Ìkejà pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ ohùn rẹ̀ kó tó di pé ó nílò nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí nípa ọmọkùnrin tí mo fún ní kúẹ́rì nígbà yẹn. Mo ní mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ó ní ẹjọ́ yẹn kì í ṣe ti fóònù, pé òun mọ ilé wọn ní Ìmọ́tà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí la ń lọ.