Abẹ́ igi mángòrò ni ìjà eṣinṣin èso wà

Mángòrò pọ́n, ara rẹ̀ ń dán, ẹ là á, ìdin ló kún inú. Eṣinṣin Bactrocera dorsalis ló sábà máa ń fà á. Éṣíà ló ti wá. Ọdún 2003 ni wọ́n rí i ní Kẹ́ńyà, kò sì pẹ́ tó fi dé Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Eṣinṣin mángòrò tiwa ti wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àlejò yìí ló ń gba oko.

Abo á gún awọ èso, á yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹyin á di ìdin, èso á rọ̀, á jábọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á fi èyí tó jábọ́ sílẹ̀ kó jẹrà. Ìdin á jáde, á wọ ilẹ̀, kò sì ní ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí eṣinṣin tuntun á fi fò jáde lábẹ́ igi kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣa àwọn èso tó jábọ́, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá dúdú tó nípọn, ẹ dì í pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rá tó lu kò wúlò. Bí ẹ bá máa rì wọ́n mọ́lẹ̀, kí ihò jìn ju ìdajì mítà lọ. Bí kò bá jìn, eṣinṣin á hú jáde. Ààtàn etí oko ló burú jù.

Pańpẹ́ tí wọ́n fi methyl eugenol, ìyẹn òórùn tó ń fa akọ eṣinṣin, sí, akọ nìkan ló ń pa. Ó lè kún dẹ́nu, kí abo tó ti gbẹ́yin sínú ṣì wà lórí igi. Oúnjẹ protein ni abo ń wá kí ẹyin rẹ̀ tó gbó, nítorí náà ẹ wọ́n àpòpọ̀ protein àti spinosad, ìyẹn oògùn apakòkòrò, sí ojú kan lára ewé igi kọ̀ọ̀kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí òjò bá fọ̀ ọ́, ẹ tún un wọ́n.

Ẹ má fín oògùn sí gbogbo ara igi. Inú èso ni ìdin wà, oògùn kò dé ibẹ̀, ó sì ń pa èèrà pupa tó ń rán ewé pọ̀ kọ́lé. Ìwádìí ní Bẹ̀nẹ̀ fi hàn pé igi tí èèrà yìí bá pọ̀ sí, ìdin kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú èso rẹ̀, torí òórùn tí èèrà fi sílẹ̀ lára èso ń lé eṣinṣin. Òótọ́ ni pé ó ń bu ẹni tó ń ká mángòrò jẹ. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn.

Ní òkèèrè, ìdin kan ṣoṣo tó láti ba ẹrù odindi jẹ́, òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì ti le sí i láti oṣù Kẹsàn-án 2019. Ẹ ká mángòrò nígbà tó gbó tó ṣì le, torí èyí tó pọ́n lórí igi ni eṣinṣin fẹ́ràn jù, kí ẹ sì yọ èyí tó bá ní ojú abẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ kó tó wọ agbọ̀n.