Ọ̀rá Tó Gba Ojúlé Wa Dé Òkun

Sátidé, oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá.

Ẹsẹ̀ ń ro mí, yanrìn ṣì wà létí aṣọ mi, àmọ́ mi ò fẹ́ kí oorun gbé mi lọ kí n tó kọ ti òní sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnlá la kó lọ sí Tarkwa Bay, etí òkun kan l'Ékòó, láàárọ̀: èmi, tíṣà tí a jọ ń kọ́ kíláàsì kẹrin, àti òbí mẹ́ta tó yọ̀ǹda ara wọn. Sátidé kẹta oṣù yìí ni wọ́n máa ń ṣa ìdọ̀tí etí òkun káàkiri àgbáyé. Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ṣíṣà nìkan ò tó. Ẹni tó bá ṣa á gbọ́dọ̀ kà á, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdérí ìgò mélòó? Ọ̀rá mélòó? Bàtà mélòó? Àwọn ọmọ tó máa ń sá fún ìṣirò, àwọn náà ló ń jà sí bírò àti ìwé lónìí.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ ná, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wí fún wọn pé ẹ má da ìdọ̀tí sómi. Wọ́n á fohùn kan dáhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni, Anti!" Kí agogo ìsinmi tó dún tán, ọ̀rá bisikíìtì ti wà nílẹ̀. Ó máa ń dùn mí, àmọ́ mo ti wá rí i pé àwọn kọ́ ló jẹ̀bi. Òkun tí mò ń sọ, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ta ló máa ń ṣàánú ohun tí kò mọ̀?

Nítorí náà, lọ́jọ́bọ̀, mi ò mẹ́nu kan ìdọ̀tí rárá. Mo ní, "Ta ló mọ Ìjàpá Tìrókò?" Gbogbo kíláàsì hó: "Ọkọ Yánníbo!" Mo ní ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbátan rẹ̀ tó ń gbénú òkun fún yín. Mo sọ fún wọn pé ìjàpá ilẹ̀ tó bá rí ewu á fa orí wọnú ilé, ṣùgbọ́n ìjàpá òkun ò lè fa tiẹ̀ wọlé. Ìta gbangba ni orí rẹ̀ ń wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo sọ bí abo ṣe ń gòkè wá sí etí òkun lóru, tí á gbẹ́ yanrìn, tí á yé ẹyin síbẹ̀, tí á bò ó, tí á sì padà sómi. Kì í dúró de àwọn ọmọ. Bí ẹyin bá pa, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù níwájú àwọn ọmọ náà ni wọ́n máa ń sáré lọ, torí láyé àtijọ́ ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù lóru. Ní báyìí, iná òtẹ́ẹ̀lì etí òkun ló ń tàn wọ́n lọ sí títì.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé bẹ́ẹ̀sìnnì omi síwájú wọn. Mo ju ọ̀rá funfun kan sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di àkàrà, mo sì fọwọ́ ru omi náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá náà ṣí, ó ń mí sókè mí sódò, etí rẹ̀ ń fì bí ìṣẹ́tí aṣọ. Mo wá fi àwòrán jellyfish hàn wọ́n lórí fóònù, ẹran omi tí kò léegun, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mo ní, "Èwo ni oúnjẹ nínú méjèèjì?" Ìdajì kíláàsì nawọ́ sí ọ̀rá.

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí lójú ìjàpá òkun. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí awọ, ó lè wúwo ju kìlógíráàmù 500 lọ, jellyfish sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀gún ló kún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, gbogbo ẹ̀gún náà ló sì kọ ẹnu sí apá inú, kí ohun tó bá gbé mì má bàa yọ̀ jáde.

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fọwọ́ di ọ̀fun ara rẹ̀ mú. "Anti, tó bá wá jẹ́ pé ọ̀rá ló gbé mì ńkọ́? Ṣé kò lè bì í ni?"

Mo ní kò lè bì í.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a máa lọ rí òkun náà lójúkorojú.

Lónìí, bí bọ́ọ̀sì wa ṣe ń gba orí afárá Third Mainland kọjá, mo ní kí wọ́n wo ọ̀sà dáadáa. Bárígà tí à ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà náà ló wà. Gọ́tà iwájú ilé wa ń ṣàn sí kánàá, kánàá ń ṣàn sí ọ̀sà. Ní èbúté Marina a wọ ọkọ̀ ojú omi, kálukú pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú ni léfòó lọ́rùn. (Awakọ̀ náà kò tan ẹ́ńjìnnì títí ó fi yẹ okùn jákẹ́ẹ̀tì ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.) Mo fi ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà gbà ń wọ òkun hàn wọ́n, níbi tí wọ́n kó òkúta ńláńlá jọ sí lọ́tùn-ún lósì láyé ìjọba òyìnbó, kí ọkọ̀ òkun lè máa ráàyè wọlé. Bí òkun bá ń kún, á ti omi wọnú ọ̀sà. Bó bá ń fà, á fa ti ọ̀sà jáde. Ohun tó bá léfòó lójú ọ̀sà, ibẹ̀ ló máa gbà jáde.

Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí. Àmọ́ Tarkwa Bay fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn, kì í ṣe èmi.

A ò tíì ṣà tó ààbọ̀ wákàtí nígbà tí ọmọkùnrin kan ké láti ìsàlẹ̀ etí omi: "Anti! Anti! Àdúgbò wa ni!" Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló mú dání. Oòrùn àti iyọ̀ ti jẹ àwọ̀ búlúù ara rẹ̀ kù díẹ̀ kó pòórá, àpá eyín tí wọ́n fi ya igun rẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀ kedere, nọ́ńbà NAFDAC ṣeé kà, àdírẹ́sì pẹ̀lú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un kà. Òpópónà ẹ̀yìn ilé ìwé wa ni. Omi tí gbogbo wa ń rà mu ni. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà síbí, torí àwọn kọ́ ló ju ọ̀rá náà sómi. Ẹni tó mu ún ló jù ú. Ó sì lè jẹ́ ìkan nínú wa.

Láti ìgbà náà lọ, wọn ò ka ọ̀rá bí ọ̀rá mọ́, wọ́n ń kà á bí lẹ́tà. "Mushin!" "Èyí wá láti Àjẹgúnlẹ̀!" "Anti, Ìkòròdú rèé o!" Mo dúró lórí yanrìn, mo ń wò wọ́n, omi lé sí mi lójú. Ohun tí mo fi ọdún méjì wí, ọ̀rá kan tó ti ṣá ló wí i tán.

Fóòmù ló le jù láti ṣà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de àwo fóòmù funfun tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ láti oṣù kìíní ọdún 2024, àmọ́ èyí tó ti wà nínú omi kò gbọ́ òfin. Ọmọ kan di ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ mú, ó fún un, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun láàárín ìka rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé bí ike ṣe ń ṣe nìyẹn: kì í jẹrà bí ewé ẹ̀kọ, wẹ́wẹ́ ló ń ya, títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Ṣàwá tí ìyá rẹ̀ ń dín, ẹnu ló máa ń là sílẹ̀ nínú omi, tí á máa sẹ́ oúnjẹ jáde nínú rẹ̀ bí asẹ́ ògì. Asẹ́ ò mọ èyí tó jẹ́ ike. Ọmọ náà kò fèsì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà á lọ.

A bá bàbá apẹja kan níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn. A kí i kú iṣẹ́, ó ní ẹ kú ìrìn. Ó gbé etí àwọ̀n kan fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n bá òun yọ ọ̀rá tó wà lára rẹ̀. Ẹ ò rí i! Ọ̀rá kan ṣoṣo lè wé mọ́ ojú àwọ̀n mẹ́jọ. Bí o bá fà á, ojú àwọ̀n á ya. Bàbá ní, "Nígbà tí mo wà léwe, bí àwọ̀n bá wúwo, inú wa á dùn. Ní báyìí tó bá ti wúwo, àyà mi á já, pé kó má ṣe pé ọ̀rá ni."

Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn náà ló béèrè: "Bàbá, ṣé ẹ ti rí ìjàpá òkun rí?"

"Ọ̀pọ̀ ìgbà."

"Ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

Bàbá wò ó dáadáa. "A jẹ ẹ́ nígbà kan. Ẹran ni lójú wa."

Mo dúpẹ́ nínú mi pé kò parọ́ fún ọmọ náà. Àjọ kan wà l'Ékòó tó ń jẹ́ Greenfingers Wildlife, tó máa ń fún àwọn apẹja ní ohun tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe kí wọ́n lè fi ìjàpá tó bá kó sí i sílẹ̀. Ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn lójú tèmi. Ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ti ya, tí ọmọ ń dúró dè nílé, ẹ má sọ fún un pé kó da ẹran padà sómi lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, inú bọ́ọ̀sì dákẹ́. Oorun ti ń gbé àwọn kékeré. Ọmọkùnrin tó rí ọ̀rá àdúgbò wa ló bi mí ní ohun tó ṣì wà lọ́kàn mi di báyìí: "Anti, níbo ni ká wá máa dà á sí?"

Mo fẹ́ sọ pé sínú bíìnì. Àmọ́ ọmọ náà mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí òpópónà wọn, ó sì mọ̀ pé bí òjò bá ṣú, àwọn àgbà ló máa ń yí bíìnì dà sínú gọ́tà kí àgbàrá lè bá wọn gbé e lọ. Bí mo bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tọ́jú òkun, tí àwa àgbà ò sì fún un ní ibi tó máa da ọ̀rá sí, ẹrù tiwa ni mo gbé lé e lórí.

Ìyá kan lára àwọn òbí náà, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Màá so àpò ìrẹsì kọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo ọ̀rá àti ike, inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kó o sí. Àwọn tó ń rà á ní kìló máa ń gba ibẹ̀ kọjá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa la ti ń gbà fún un o, tíṣà."

Mi ò rí nǹkan kan sọ sí i. Mo ṣáà kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí àwọn ọmọ fi ń ka ọ̀rá: àpò kan, ṣọ́ọ̀bù ìyá onírẹsì, láti Mọ́ńdè.

Òjò ti ń ṣú báyìí. Atẹ́gùn ń gbé kọ́tìnnì, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kó aṣọ wọlé lágbàlá kejì. Mo ti gbé tọ́ọ̀ṣì jáde lọ wo gọ́tà iwájú ilé. Ọ̀rá mẹ́ta àti ìgò oníke kan ni mo bá níbẹ̀. Mo ti kó wọn wọlé.