Ìṣẹ́gun 1,230 Ló Wà Nínú Ọpọ́n

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé ni ẹ máa ń bi mí bí mo ṣe ń kọ tábìlì NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò ṣe ipò kìíní ní Ìlà Oòrùn, ta ni yóò ṣe é ní Ìwọ̀ Oòrùn, ta ni yóò gbẹ̀yìn pátápátá. Láti ọdún 2013 ni mo ti ń ṣe é, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò nílé ìwé, mi ò sì fi ṣeré rí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun lónìí ni kí n máa sọ iye ọjà tí ilé iṣẹ́ wa yóò tà lóṣù tó ń bọ̀. Inú ìwé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n yẹn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo rántí alẹ́ àkọ́kọ́. Iná ti lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́stẹ́ẹ̀lì, mo fa ìlà sínú ìwé, mo to orúkọ ẹgbẹ́ 30 tẹ̀ léra. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìṣẹ́gun. Èyí ti rí ọmọ tuntun gbà, 50. Èyí ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ lọ, nǹkan á sàn fún wọn, 46. Àwọn wọ̀nyí fara pa púpọ̀ lọ́dún tó kọjá, ara wọn ti yá báyìí, 48. Kò sí ọ̀kan tí mi ò ní àlàyé fún. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé yàrá, tó wà ní ọdún ìkẹyìn, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó kọ 1,318 sísàlẹ̀, ó wá bi mí pé, "Gbogbo wọn ló borí. Ta ló wá fìdí rẹmi?"

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Ẹgbẹ́ 30, eré 82 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2,460 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjì ló ń pín eré kan, nítorí náà eré 1,230 ló wà nínú sáà kan. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kò sì ní ọ̀mì. Bí póìntì bá dọ́gba, wọ́n á fi àkókò kún un títí ẹnì kan yóò fi borí. Ìṣẹ́gun 1,230, kò lé, kò dín. Bí a bá pín in dọ́gba, 41 ló kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọpọ́n ayò ló rí: ihò 12, ọmọ ayò 48. Ẹnikẹ́ni kì í hu ọmọ tuntun láàárín eré. Bí ihò kan bá kún, ẹ wo inú ihò tó ṣófo.

Èmi ti hu ọmọ ayò 88 láti inú afẹ́fẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n gé ìṣẹ́gun mẹ́ta mẹ́ta kúrò lára gbogbo ẹgbẹ́, kí n lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n yẹn kò gbà. Ó ní kí n dárúkọ ẹni tí n ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí n sì sọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti yin ẹgbẹ́ kò ṣòro. Ìròyìn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́hùn-ún, ìyìn ni gbogbo rẹ̀. Kí a tọ́ka sí ẹgbẹ́ kan kí a ní "àwọn wọ̀nyí yóò pàdánù eré 60", ìyẹn ni ọwọ́ wa máa ń wárìrì sí. Lọ́dún yẹn, mo fi 38 sílẹ̀ fún Milwaukee nítorí pé 38 ni wọ́n mú ní sáà tó ṣáájú. Eré 15 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 67, kò sí ẹgbẹ́ tó burú tó wọn ní gbogbo líìgì. Inú ẹgbẹ́ yẹn náà ni ọmọkùnrin ọlọ́dún 18 kan ti ń bẹ̀rẹ̀, Giannis Antetokounmpo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Adétòkunbọ̀ gan-an ni orúkọ yẹn. Àwọn Gíríìkì ló kọ ọ́ ní ìlànà èdè tiwọn. Mo rí orúkọ náà, inú mi dùn, mi ò sì bi ara mi pé ṣé ọmọ ọdún 18 lè gbé ẹgbẹ́ dúró.

Ẹ má fọwọ́ gan-in-gan-in mú iye náà láìwo ọdún o. Ní sáà 2020–21, nítorí Kòrónà, eré 72 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 1,080. Ní sáà 2012–13, 1,229 ni, nítorí pé wọ́n fagi lé eré Boston àti Indiana lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú gbàmù níbi eré ìje Boston ní oṣù kẹrin ọdún 2013, wọn kò sì gbá a mọ́.

Nígbà tí àpapọ̀ bá ti jẹ́ òótọ́, ẹ yẹ ọpọ́n náà wò ní ìhà méjèèjì. Ẹgbẹ́ 15 ló wà ní Ìlà Oòrùn, 15 ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 52 pẹ̀lú àwọn ará ìhà tirẹ̀, 30 pẹ̀lú ìhà kejì. Èyí já sí pé eré 390 ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń gbá láàárín ara rẹ̀, ìṣẹ́gun 390 sì dájú fún un, bí ó ti wù kí wọ́n burú tó. Eré 450 tó kù, tí ìhà méjèèjì fi ń pàdé, ni wọ́n ń jà sí. Bí mo bá rò ó pọ̀ tí Ìwọ̀ Oòrùn mi jẹ́ 660, mo ti sọ pé wọn yóò gba 270 nínú 450 yẹn. Ṣé mo gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Àìmọye ìgbà ni ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ti mú mi padà sídìí iṣẹ́.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye eré tí ẹgbẹ́ borí lọ́dún tó kọjá. Ẹ wo iye póìntì tí wọ́n fi ń ju alátakò lọ lórí eré kan. Póìntì kan lórí eré kọ̀ọ̀kan, bí a bá kó o jọ títí sáà fi parí, máa ń tó ìṣẹ́gun méjì àbọ̀ tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó ń fi póìntì mẹ́rin ju ẹlòmíràn lọ yóò wà ní bí 51 tàbí 52. Ó máa ń ṣákìí lókè pátápátá: Golden State fi bíi 10.8 ju alátakò lọ ní sáà 2015–16, wọ́n borí 73. Oklahoma City fi bíi 12.9 jù wọ́n lọ ní sáà 2024–25, èyí tó ga jù nínú ìtàn líìgì náà, síbẹ̀ 68 ni wọ́n borí. Bí ẹ bá fi póìntì 40 na ènìyàn, ìṣẹ́gun kan náà ni wọn yóò kọ sílẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa gbogbo ẹgbẹ́ sún mọ́ 41 díẹ̀. Ẹni tó borí 60 lọ́dún tó kọjá, ara rẹ̀ le, oríire sì tún bá a rìn. Ẹni tó borí 20, òdìkejì rẹ̀ ni. Mo ju owó ẹyọ sókè ní ìgbà 82, mo ka iye ìgbà tí orí jáde, mo sì tún un ṣe títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìgbà kan 36, ìgbà kan 47, ìgbà kan 41 gẹ́lẹ́. Owó ẹyọ kan náà ni o. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kọ 47 fún ẹgbẹ́ kan tí mo kọ 45 fún èkejì, mi ò jẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ta ló ṣáájú.

Àwọn tó máa ń fò jáde kúrò nínú ìṣirò yìí wà, ṣùgbọ́n ẹ ó rí orúkọ ohun tó gbé wọn fò. Boston borí 24 ní sáà 2006–07. Kevin Garnett àti Ray Allen dé, wọ́n borí 66, wọ́n sì gba ife. Detroit borí 14 ní sáà 2023–24, wọ́n pàdánù eré 28 tẹ̀ léra. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun dé, àgbà agbábọ́ọ̀lù bíi mélòó kan dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n borí 44. Bí ẹ kò bá lè dárúkọ ohun tó yí padà, ẹ má fò.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti Philadelphia ní sáà 2024–25. Eré 47 ni wọ́n borí lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì wá gba Paul George kún Joel Embiid àti Tyrese Maxey. Mo kọ 54. Eré 24 ni wọ́n borí. Embiid gbá eré 19, George 41, Maxey 52. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ ọjọ́ tí orúnkún yóò wú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eré 39 péré ni Embiid gbá lọ́dún tó ṣáájú, mo sì mọ̀ ọ́n. 54 tí mo kọ yẹn kò lè ṣẹ àyàfi bí ó bá gbá tó 65. Èmi ni mo kọ 65 yẹn síwájú orúkọ rẹ̀, mi ò kàn rí i pé mo kọ ọ́ ni. Ní báyìí, kí n tó kọ ìṣẹ́gun kankan, mo máa ń kọ iye eré tí agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tó ṣe pàtàkì jù yóò gbá, gbangba, kí ojú mi rí i. Níbi iṣẹ́ náà, èyí ti wúlò fún mi ju ìṣirò tó díjú lọ: ẹ kọ ohun tí ẹ fọkàn tán sílẹ̀ kí ẹ tó kọ èsì.

Ó ku ti ìfẹ́. Bàbá mi kì í pe Houston ní Houston. "Tíìmù Ọlájùwọ́n" ló ń pè é. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft ọdún 1984, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ẹgbẹ́ tó borí 29 di ẹgbẹ́ tó borí 48 lọ́dún kan ṣoṣo, ó sì gba ife fún wọn ní 1994 àti 1995. Inú ilé tí wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí ni mo dàgbà sí. Láti ọdún dé ọdún, mo ń fi ìṣẹ́gun mẹ́rin tàbí márùn-ún kún ti Houston láìfura. Ní sáà 2020–21, mo fún wọn ní 40 nínú 72. James Harden, ìràwọ̀ wọn, lọ, wọ́n borí 17. Nígbà tí mo yẹ ìwé àtijọ́ wò, ọdún mẹ́fà nínú mẹ́jọ ni mo ti bù kún wọn. Àbúrò mi obìnrin, tí kò mọ Houston yàtọ̀ sí Phoenix, ni mo máa ń fún ní iye póìntì àti iye eré báyìí kí ó ro ìlà yẹn fún mi, láìjẹ́ kí ó mọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́. Bàbá mi kò tíì dárí jì mí.

Ẹ tọ́jú ìwé yín. Bí sáà bá parí, ẹ wo iye tí ẹ kọ àti iye tó ṣẹlẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹgbẹ́ 30, ẹ yọ èyí tó kéré kúrò lára èyí tó pọ̀, ẹ ro gbogbo ìyàtọ̀ náà pọ̀, ẹ pín in sí 30. Ẹ wá ṣe ohun kan náà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tó kàn kọ 41 síwájú gbogbo wọn, àti ẹni tó kàn da tábìlì ọdún tó kọjá kọ. Ọdún méjì àkọ́kọ́ mi, ẹni tó da tábìlì kọ jù mí lọ. Mo gbà á, mo sì tún iṣẹ́ ṣe.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má kó owó ilé ìwé yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ nítorí ohun tí mo kọ síbí.

Eré àkọ́kọ́ máa ń wáyé ní oṣù kẹwàá. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́, ẹgbẹ́ 30 pé pérépéré, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ rò.